Ìwúwo Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Kún Ọkọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ́tò kì í sábà bi àwa panẹbítà tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lásìkò yìí. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, kí ni a lè yọ lára ọkọ̀ yìí kó fúyẹ́, kí epo tó ń mu lè dínkù?” Ohun tó bí ìbéèrè náà kò fara sin. Ní ìparí oṣù Kàrún-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, ó ti ń lé ní 1,000 náírà. Ẹni tó ń fi tòkunbọ̀ rẹ̀ kó èrò láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣọ́dì mọ ìtumọ̀ iye yẹn ju ẹni tó ń kà á nínú ìwé ìròyìn lọ. Mi ò fojú kékeré wo ìbéèrè náà rárá. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń mu epo díẹ̀, táyà rẹ̀ ń pẹ́ kó tó jẹ, bíréèkì rẹ̀ ń tètè dá a dúró. Ibi tí a ń dojú ayùn kọ ló ń kọ mí lóminú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó wa, ìwúwo tó yẹ ká kọ́kọ́ yọ ni èyí tí àwa fúnra wa fi kún un. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi síbẹ̀, kò yẹ kí ọwọ́ kàn án títí a ó fi mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mímú ọkọ̀ fúyẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ àná. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é tipẹ́. Lọ́dún 1964, Ford ṣe 100 ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Thunderbolt fún ìje ojú ọ̀nà tààrà, wọ́n sì fi fáíbà ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà iwájú rẹ̀ dípò irin. Wọ́n tún kan àkọlé kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ tó ń sọ fún ẹni tó rà á pé bí àwọn páńẹ́ẹ̀lì ṣe wọnú ara wọn, àti bí ojú wọn ṣe rí, kò tó ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé fún ọkọ̀ rẹ̀ yòókù. Ọ̀rọ̀ olóòótọ́ nìyẹn: ohun kan ti jáde kí ìfúyẹ́ tó wọlé. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, Pontiac lu ihò yíká ṣáàsì àwọn Catalina mélòó kan tí wọ́n fẹ́ fi sáré, débi pé àwọn èèyàn sọ ọkọ̀ náà ní orúkọ wàràkàṣì oníhò. Nǹkan bí 400 mítà péré ni irú ìje bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á sì dúró. Kò sí ẹni tó ṣe wọ́n fún gbígbé ọmọ lọ sílé ìwé tàbí gbígbé iṣu láti Ọ̀yọ́ wá sí Èkó. Ní California, Bruce Meyers, tó ti mọ iṣẹ́ fáíbà dáadáa nínú kíkan ọkọ̀ ojú omi, gbé ara fáíbà lé orí ìsàlẹ̀ Volkswagen tó gé kúrú, ó sì ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tò ó pọ̀ nílé. Meyers Manx ni wọ́n ń pè é, àwọn ọdún 1960 ló sì gbajúmọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá onímọ́tò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọkọ̀ fúyẹ́, kó lọ wo ọkọ̀ yẹn. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi ṣeé ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dúró bèèrè.

Ìdí náà ni bí Volkswagen yẹn, Ìjàpá tí a mọ̀, ṣe jẹ́. Ó ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀ tó dá dúró, ara tó wà lókè kàn jókòó lé e lórí ni, bóòtù ló sì di fẹ́ńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975, àìmọye ọmọṣẹ́ ló sì fi í kọ́ṣẹ́, nítorí pé èèyàn lè tú fẹ́ńdà rẹ̀ láàárọ̀ kó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú láì jẹ́ pé ọkọ̀ náà ṣẹ́ níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́lẹ̀kájà rí, pákó ni wọ́n kàn lé orí ṣáàsì lọ́rì. Mọ́lúè tó tẹ̀ lé e, àwọn alájòórin wa ló fi irin àti páànù kọ́ ara rẹ̀ sórí Mercedes 911. Nínú gbogbo wọn, ṣáàsì ló ń ru ẹrù. Ara òkè dà bí aṣọ tó ń bo èrò lọ́wọ́ òjò àti oòrùn, èèyàn sì lè gé aṣọ láì fara kan egungun. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òye wa ti wá, òun ni àwọn ọ̀gá wa fi lé wa lọ́wọ́, òun náà ló sì ń tàn wá jẹ lónìí. Láti ìgbà tí Lancia ti gbé Lambda jáde lọ́dún 1922, tí Citroën sì gbé Traction Avant tẹ̀ lé e lọ́dún 1934, ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ara àti ṣáàsì di ọ̀kan. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná nígbà kan kò ní ṣáàsì ọ̀tọ̀. Corolla kò ní, Camry kò ní. Ilẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì àti òrùlé ló ń ru ẹrù papọ̀. Aṣọ ti di egungun, ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ lára aṣọ kò sì tíì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Èyí kò wá sọ pé gbogbo páànù tó wà lára ọkọ̀ òde òní ni egungun. Fẹ́ńdà iwájú ṣì jẹ́ aṣọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, bóòtù ló dì í mú. Awọ bọ́ńpà tí à ń rí lóde náà, aṣọ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn awọ yẹn ni àwọn èèyàn kì í rí: igi irin kan tó dábùú láti ọ̀tún dé òsì, tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, òun ló ń pín ìkọlù náà sára àwọn apá irin méjèèjì tó gùn wọ inú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ń yọ igi irin yìí dànù nítorí pé ó wúwo, ojú ò sì rí i. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Páànù òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ègbè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe láti jẹ́ kó ká sókè láàárín nígbà ìjàǹbá dípò kó yọ wọ inú gíláàsì lọ bá awakọ̀. Ègbè yìí kan náà ni kọ́kọ́rọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá gé e kúrò, tó wá fi páànù pẹlẹbẹ kan rọ́pò, ohun tó fẹ́ fò sókè lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló dè mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ yẹn. Ìtàn bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí lórí eré, tó sì bo gbogbo gíláàsì mọ́ awakọ̀ lójú, kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀kùn ló sì burú jù láti fọwọ́ kàn. Láti ọdún 1973 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ akérò kékeré lè dúró de ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tí igi irin fi wà nínú ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń gba ojú omi wọlé wá bá wa. Láàárín ẹni tó jókòó àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló wà. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé: gígé inú ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tàbí òpó òrùlé kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ayùn kan àti ọ̀sán kan ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ká tiẹ̀ wá fi egungun sílẹ̀, ká mú aṣọ nìkan, èrè tó wà níbẹ̀ kò tó bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé tí ìwúwo ọkọ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, epo tó ń mu lè sunwọ̀n sí i ní ìdá mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Corolla tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2008 wọn nǹkan bí 1,150 kílò, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ 115 kílò. Tí a bá tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà iwájú méjèèjì àti ìdérí búùtù rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ kò ní wọn 50 kílò. Ká ní a rí ẹni tó lè ṣe wọ́n lọ́nà tí wọ́n á fi wọn ìdajì, kílò 25 la yọ. Nínú gbogbo 20 lítà epo tí ọkọ̀ bá mu, ohun tí a dá sí kò ní ju ìdá mẹ́ta lítà kan lọ. Èyí sì jẹ́ ní ibi tí iṣẹ́ fáíbà náà bá mọ́ dáadáa. Páànù irin tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ kì í sábà nípọn ju mílímítà 0.8 lọ, mítà kan níbùú lóòró rẹ̀ sì ń wọn kílò mẹ́fà àti díẹ̀. Fáíbà fúyẹ́ ju irin lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò le tó o, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ á tẹ́ fáíbà ní ìpele mẹ́ta mẹ́rin, á da oje lé e títí yóò fi rin gbingbin, ìgbà tó bá sì fi gbẹ, ó ti nípọn tó mílímítà mẹ́rin. Fáíbà mílímítà mẹ́rin ń lọ sí kílò mẹ́fà ní mítà kan níbùú lóòró. Òógùn lásán ló là, irin kan náà ló tún gbé padà síbẹ̀ lórúkọ mìíràn. Ká má sì gbàgbé pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó ń gun òkè ni ìwúwo ń jẹ epo jù. Nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ tí ọkọ̀ dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń jó, kò sí páńẹ́ẹ̀lì tó lè gba epo yẹn sílẹ̀. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí eré bá ti pọ̀, atẹ́gùn tí ọkọ̀ ń là kọjá ló ń jẹ epo ju ìwúwo lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni ti pọ́tì, èyí tí àwọn kan ń pè ní fílà. Láyé àwọn ọ̀gá tó kọ́ ìran tèmi níṣẹ́, òòlù ni ọmọṣẹ́ ń kọ́kọ́ dì mú, òun àti irin tí à ń fi ọwọ́ kejì tì sẹ́yìn páànù. Òòlù á máa lù níta, irin á máa gbà á nínú, etí á máa gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ohùn páànù tó jókòó dáadáa àti èyí tó ṣì gbé ara sókè. Tí ìkọlù bá ti fa páànù gùn ju bó ṣe yẹ lọ, a ó fi iná gáàsì mú ojú kan gbóná, a ó fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, yóò sì súnkì padà. Èèyàn lè lo ọdún kan gbáko lórí èyí nìkan kí ọ̀gá tó gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń dé ibẹ̀. Pọ́tì tó ń tẹ̀ lé e kò ju ìda tín-ínrín tí yóò dí ojú àmì òòlù lọ. Ó ti yí padà báyìí. Wọ́n á fa ibi tó jìn síta díẹ̀, wọ́n á po pọ́tì, wọ́n á rọ́ ọ kún ibẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri, wọ́n á fi sáńpépà gbẹ́ ẹ títí yóò fi jọ fẹ́ńdà. Oníbàárà á gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ á dùn, owó iṣẹ́ á sì kéré. Ṣùgbọ́n mílímítà mẹ́ta pọ́tì tí kì í ṣe olówó ńlá, lórí mítà kan níbùú lóòró, ń lọ sí kílò márùn-ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó páànù tó gbé e. Ọkọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún ń gbé ara kejì kiri lórí ara rẹ̀ ni. Kò sì tán síbẹ̀. Pọ́tì tó nípọn kì í tẹ̀ bí irin ṣe ń tẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wọ kòtò ojú ọ̀nà wa, á sán, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, irin á máa dípẹtà lábẹ́ láì sẹ́ni tó rí i, a ó sì tún pọ́tì mìíràn lé e. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn alájòórin náà ní ìpín tiwọn. Nítorí pé iná ẹ̀rọ ìjórin tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń tètè dá ihò sí páànù tín-ínrín, páànù mílímítà méjì ni wọ́n sábà ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà. Mítà kan níbùú lóòró irú páànù bẹ́ẹ̀ ń lé ní kílò 15, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í gé èyí tó jẹrà kúrò kí wọ́n tó lẹ tuntun lé e. Ẹ wá fi bọ́ńpà onírin ńlá tí à ń jó mọ́ iwájú jíìpù àti dáńfó kún un, àti káríà orí òrùlé tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Irú ọkọ̀ yìí ni onímọ́tò yóò gbé wá, tí yóò ní ká bá òun gé inú ilẹ̀kùn kó lè fúyẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn gígé ọkọ̀ kó lè fúyẹ́ yóò sọ, wọn kò sì ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, pé kílò méjì níbí, kílò mẹ́ta lọ́hùn-ún, ó di ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá yá. Òótọ́ ni. Ohun tó wà nínú òwe náà tí wọn kì í wò ni pé imú ẹlẹ́dẹ̀ kan náà ló gba ọ̀nà yẹn wọlé pẹ̀lú pọ́tì àti bọ́ńpà onírin. Tí a bá fẹ́ máa ka kílò, ẹ jẹ́ ká ka èyí tó rọrùn láti yọ tí kò sì léwu ṣáájú. Wọ́n tún lè sọ pé ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, pé ọkọ̀ mi ni, owó mi ni mo fi rà á, kí ló kan panẹbítà nínú ohun tí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe sí i? Mo gbà fún wọn dé ibi kan. Onímọ́tò lè fúnra rẹ̀ kó ohun tí kò wúlò kúrò nínú búùtù, kó tú káríà sọ̀ kalẹ̀, kó ṣí bọ́ńpà onírin, kódà kó ṣe fẹ́ńdà fáíbà tirẹ̀ tó bá ní sùúrù láti kọ́ ọ. Àmọ́ bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de bọ́nẹ́ẹ̀tì nílò ojú ẹlòmíràn tí yóò fà á wò kó tó gbé e sójú ọ̀nà, nítorí pé tó bá fò, gíláàsì ọmọ ọlọ́mọ ló lè balẹ̀ sí. Ojú ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnìkan. Àwọn mìíràn á wá rán wa létí pé Ìjàpá kò wọn ju nǹkan bí 800 kílò lọ, pé àwọn bàbá wa gùn ún, wọn ò sì kú. Ọ̀pọ̀ kú, a kàn ti gbàgbé ni. Ọdún 1959 ni Mercedes-Benz tó gbé ọkọ̀ jáde tí wọ́n dìídì ṣe iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè rún wọ inú nígbà ìkọlù, kí ibi tí èèyàn jókòó sí má baà rún. Ìjàpá kò ní irú rẹ̀. Fífúyẹ́ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yà á: ó kéré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Gígé Corolla kò lè sọ ọ́ di Ìjàpá. Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó epo mọ́, tó ní òun kò lè dúró de ìgbà tí òun máa rí owó ra ọkọ̀ tuntun. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń ṣe ojú rere sí. Kò yẹ kí á gba owó fáíbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdá mẹ́ta lítà. Ká wo afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀, ká yọ irin tí kò níṣẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀, ká fi òòlù ṣe ibi tí pọ́tì ti kún, yóò rí i lára owó epo rẹ̀ ju bó ṣe máa rí ti bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà ń mú un fúyẹ́, mo mọ̀. Ford F-150 ti ọdún 2015 fi alumíníọ́mù rọ́pò irin lára gbogbo ara rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì fi nǹkan bí 318 kílò dínkù nínú àwọn kan lára wọn. Ṣùgbọ́n orí pátákó ìyàwòrán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò gé ti àtijọ́. Alumíníọ́mù kò le tó irin, ìdá mẹ́ta agbára irin ló ní láti dúró de títẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn sí i ní bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀, síbẹ̀ á fúyẹ́ tó bí ìdajì. Ẹni tó bá fi rífẹ́ẹ̀tì kan alumíníọ́mù mọ́ irin lásán láì fi nǹkan pààlà sí wọn láàárín, tó sì ń gbé nítòsí ọ̀sà tàbí òkun ní Èkó, yóò rí bí omi iyọ̀ ṣe máa jẹ ẹ̀gbẹ́ alumíníọ́mù náà di ẹtù. A kì í tiẹ̀ fi ohun èlò tí a fi gbẹ́ irin gbẹ́ ẹ láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ tuntun ni, ó sì tọ́ ká kọ́ ọ, nítorí pé àwọn ọkọ̀ yẹn yóò di tòkunbọ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń bọ̀. Nínú ìkánjú àti mú ọkọ̀ fúyẹ́ ni àwọn kan sì ti ń ta páńẹ́ẹ̀lì tó bá ọkọ̀ wọn wá fún àwọn alákùúfọ́ irin ní iye kílò, nítorí pé wọ́n ti rí ti fáíbà. Tí ti fáíbà bá fọ́ nínú kòtò kan ṣoṣo, wọ́n á gba Ládípọ̀ lọ ní Mushin láti wá irú èyí tí wọ́n tà, ojú wọn á sì rí iye tí wọ́n máa pè é. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nípa rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí ìwọ̀n wà ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí àwọn alákùúfọ́ irin fi ń wọn nǹkan. Kí á gbé gbogbo ohun tí a bá tú lára ọkọ̀ lé e lórí kí a tó ṣe é, kí á tún gbé e lé e nígbà tí a bá ṣe é tán, kí á kọ iye méjèèjì sílẹ̀ fún oníbàárà pẹ̀lú owó iṣẹ́. Fẹ́ńdà tó bá kúrò ní kílò mẹ́rin tó padà di mẹ́fà, kí ọmọṣẹ́ tó ṣe é fi òòlù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun, kí ọ̀gá dúró tì í títí yóò fi gbọ́ ohùn páànù. Kí á má sì gba ọmọṣẹ́ kankan láyè láti gba ìdáǹdè bí kò bá tíì lè fi ìka tọ́ka sára ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kó sọ èyí tó jẹ́ aṣọ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ egungun, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa.